Ilẹ̀kùn Tó Wà Lódì

Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ilẹ̀kùn wọn wà. Ibẹ̀ ni ìdààmú wa ti bẹ̀rẹ̀. Inú fọ́tò ni ọ̀gá tó ra bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta náà ti wò wọ́n: ó wo táyà, ó wo ọ̀dà, ó béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì ń dún, ó sì sanwó. Ìgbà tí a lọ gbà wọ́n ní èbúté Kútọnù ni ọmọ iṣẹ́ mi kékeré tó bi mí pé, "Pátírọ́ǹ, ibo ni èrò máa gbà wọlé?" Mo yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá a lóhùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé èrò títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ òsì sì ni ọkọ̀ ń gbà lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹni tó bá gba ilẹ̀kùn yẹn sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀wándò, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tiwa, àárín títì ló máa bá ara rẹ̀, níwájú ọkọ̀ akẹ́rù àti zẹ́mìjánì (ọ̀kadà tiwa) tó ń sáré bọ̀.

Iṣẹ́ ara ọkọ̀ ni mo kọ́: irin jíjó, pánẹ́ẹ̀lì, fèrèsé, ìjókòó, gbogbo ohun tó wà lókè táyà. Àwọn ará Èkó á pè mí ní pánẹ́bítà. Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí o bá ti ń jó irin, "sùdọ́" ni wọ́n á máa pè ọ́. Faransé ló kó o bá wa. Ní gáráàjì ọkọ̀ èrò ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà náà (n kò ní dárúkọ rẹ̀, a ṣì ń kí ara wa), bọ́ọ̀sì tí kò ní òkè nìkan la mọ̀. Mo ti tún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ṣe. Ó tó gẹ́ẹ́ láti jẹ́ kí n rò pé mo mọ bọ́ọ̀sì. Ohun kan ṣoṣo tí n kò mọ̀ ni pé kí ènìyàn tó gé nǹkan, ó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí ẹrù tí nǹkan náà rù. Bọ́ọ̀sì kéékèèké máa ń forí jì ọ́ bí o kò bá wádìí. Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í forí jini.

Leyland Olympian ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 1980 ni Leyland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Ní 1988 Volvo ra ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Leyland, ìgbà tó sì di 1993 wọ́n fi Olympian ti Volvo fúnra rẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa ti dàgbà ju ìdajì àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4.4. Láti Kútọnù dé Àjàṣẹ́ kò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ta wáyà iná kọjá àwọn títì wa, kò sẹ́ni tó ro ti onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́ ọn. A gé ọparun gbígbẹ kan, a wọ̀n ọ́n sí mítà 4.6, a so ó lóròó mọ́ ẹ̀yìn zẹ́mìjánì kan, a ní kó máa lọ níwájú wa. Bí orí ọparun bá ti kan wáyà tàbí ẹ̀ka igi, yóò fun fèrè, àwa náà yóò dúró, a ó wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ mẹ́ta náà ló lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ọkọ̀ ńlá la fi wọ́ méjì yòókù. Aago mọ́kànlá alẹ́ la gbéra. Ìgbà tí a máa fi gun afárá ọ̀sà Àjàṣẹ́, wọ́n ti ń pe ìrun àsùbáà.

Ìyá kan tó ru àkàsà lọ sọ́jà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé orí sókè, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé olórí mẹ́sàn-án kò tó wa ni, tí ẹ tún fi lọ gbé olórí méjì wá?" A rẹ́rìn-ín títí dé ọgbà. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àjàṣẹ́ lè má mọ ohun tó ní lọ́kàn: ìtàn ìlú wa sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó rí ẹbọra olórí mẹ́sàn-án tó yọ jáde láti inú òkìtì ọ̀gán, Abórí-mẹ́sàn-án, ojúbọ rẹ̀ sì wà nílùú dòní. Láti ọjọ́ yẹn, "Olórí Méjì" ni gbogbo gáráàjì ń pe àwọn bọ́ọ̀sì náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá fi ní kí a gé òrùlé wọn kúrò. Ó ní wáyà kò ní dí wa lọ́wọ́ mọ́, ooru kò sì ní pa èrò. Kì í ṣe òun ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti gé lórí, tí wọ́n sì fi ń gbé àwọn onírìn-àjò afẹ́ kiri ìlú ńláńlá. Bàbá Káfíńtà ló dá a lóhùn. "Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Ó ní kí wọ́n bá òun mú páálí bàtà kan wá, ó fi ọmọrí dé e, ó ní kí ọ̀gá lọ́ ọ lọ́wọ́. Kò lọ́. Ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó ní kí ó tún lọ́ ọ. Páálí náà sì lọ́ bí aṣọ. Ó ní àwọn tó ń gé òrùlé lókè òkun, irin mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi kún ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa di páálí aláìlọ́mọrí, ṣé a ní irin náà? A kò ní. Òrùlé dúró.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa Bàbá yìí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ gáráàjì mọ́, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sábẹ́ igi máńgò wa. Nígbà èwe rẹ̀, igi ló fi ń kan ara bọ́lẹ́kájà. Egungun ọkọ̀ náà nìkan ló máa ń ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀, ìyẹn ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti imú. Àwọn bíi tirẹ̀ ló ń kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa bí ẹnubodè ṣe rí láyé ìgbà náà. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ti Dahomey (orúkọ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà), Faransé ló fi kọ́ àwa náà. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ìdìròkọ́ tó wọ Ìgolò, ọwọ́ dìrẹ́bà ló kù sí láti rántí yípadà. "Àwa kò ní wàhálà ilẹ̀kùn," ni Bàbá wí. "Ẹ̀yìn ni èrò ń gbà wọ bọ́lẹ́kájà. Bó wù ọ́ kí o gba òsì, bó wù ọ́ kí o gba ọ̀tún."

Ẹ̀yìn kò ṣeé gbà nínú tiwa. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Iwájú lápá ọ̀tún ńkọ́? Dìrẹ́bà ló jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn dìrẹ́bà gan-an? Àtẹ̀gùn tó lọ sókè ló wà níbẹ̀, orí táyà iwájú ló gùn lé. Láti gbé sítíárì kúrò lọ́tùn-ún lọ sósì, a ní láti ṣí bọ́ọ̀kìsì sítíárì, pẹ́dà, àti gbogbo páìpù afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ bíréékì ní ẹsẹ̀ dìrẹ́bà. A jókòó sọ ọ́ fún ọjọ́ méjì, a sì fi sílẹ̀. Inú mi dùn pé a fi sílẹ̀, nítorí bíréékì tí a kò mọ̀ dáadáa kò yẹ ní ohun tí à ń ṣe ìdánwò lé lórí. Ibi tó kù fún ilẹ̀kùn ni àárín, lẹ́yìn àtẹ̀gùn, kó tó kan táyà ẹ̀yìn.

Ká ní a ti gba fèrèsé kan, tí a gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín òpó méjì, ọ̀rọ̀ ì bá tibẹ̀ parí. Ẹnìkan a máa wọlé, ẹnìkan a máa jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ilẹ̀kùn ńlá ni òun fẹ́, kí ẹni méjì lè wọlé sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, kí èrò má bàa pẹ́ ní ibùdókọ̀. Ìyẹn ni pé a ó sọ fèrèsé méjì di ọ̀kan. Òpó kan ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Mo mọ̀ pé òpó ni. N kò lè purọ́. Ojú tí mo fi wò ó ni kò tọ́. Nínú bọ́ọ̀sì tí kò ní òkè, òrùlé lásán ni irú òpó bẹ́ẹ̀ gbé, páànù àti fáíbà, ẹni méjì lè fọwọ́ gbé e. Nínú Olórí Méjì, ilẹ̀ kan wà lórí òpó náà, àga wà lórí ilẹ̀ náà, ènìyàn bíi 40 máa ń jókòó sórí àga náà, kí òrùlé tó dé. Ojú mi rí irin tó fẹ̀ níwọ̀nba àtẹ́lẹwọ́, mo sì mú gíráíńdà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bàbá Káfíńtà ti lọ kírun. Ọ̀gá ti ní kí ilẹ̀kùn ti ṣí kí òun tó dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo gé ìsàlẹ̀ òpó náà, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ara mi yá gágá. Mo bọ́ sí òkè rẹ̀. Mo gé e dé ìdajì, bíléèdì sì há. Mo fà á yọ, mo tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún há. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣiṣẹ́ irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí pẹ̀lú mi díẹ̀. Bíléèdì kì í há láìnídìí. Nígbà tó há, ohun tó ń sọ fún mi ni pé ẹnu ibi tí mo gé ń pa dé. Òkè ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Gbogbo ìkìlọ̀ tí ọkọ̀ lè ṣe fún ènìyàn ló ṣe fún mi yẹn. Èmi rò pé bíléèdì ló ti jẹ. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ ìrèké. Lẹ́yìn náà fèrèsé kan lókè jáde kúrò nínú rọ́bà rẹ̀, ó fọ́ sílẹ̀. Irin ìdìmú àtẹ̀gùn ṣẹ́ kọ̀rọ̀. Mo sá kúrò lábẹ́ rẹ̀, mo sì rántí pé ọmọ iṣẹ́ kékeré wà lókè tó ń ṣa ìdè (bóòtì) àga tí a tú. Mo pe orúkọ rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún pè é. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀: ó ti ti fèrèsé ìsáfẹ́wu tó wà lẹ́yìn lókè, ó ti so rọ̀ bí àdán, ó ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé. Nígbà tí a gbà á sílẹ̀, ìdè àga ṣì kún ọwọ́ rẹ̀ kan. Kò jù wọ́n nù. Títí di òní mo máa ń fi ìyẹn dá a lápárá, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà n kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku irin, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi.

Nígbà tí Bàbá dé láti mọ́ṣáláṣí, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: "Ta ló wà nínú rẹ̀?" Mo ní kò sí ẹni kankan mọ́. Ó wọ̀n ibi tó sọ̀: mílímítà 31. Kò bú mi. Ó ní kàkà kó bú mi, òun máa bi mí ní nǹkan kan: bí mo bá fẹ́ yọ ògiri kan nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ni màá kọ́kọ́ ṣe? Mo ní màá fi igi tì í. "Kí ló wá dé tí o fi rò pé èyí kì í ṣe ilé?"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi gbé mílímítà 31 yẹn padà sókè. Òpó igi méjì la gé, a gbé jáàkì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ wọn, a tẹ́ pákó nípọn nípọn sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì má bàa lu, a tún tẹ́ òmíràn sókè kó má jẹ́ ojú kan ni irin yóò ti gba gbogbo ẹrù náà. Lẹ́yìn náà Bàbá ní kí n yí jáàkì àkọ́kọ́ ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan. Mo yí i. Kí n yí èkejì bákan náà. Mo yí i. Kí a wá jókòó. Ó ń mu omi, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, bí irin bá dún kẹ́rẹ́, yóò dákẹ́, yóò gbọ́ ọ tán, kó tó ní kí n tún yí i. Èmi ti ń gbóná lára, mo fẹ́ kó tán. Ìgbà tó di ọjọ́ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó: irin tó ti sọ̀ lẹ́ẹ̀kan ń wá ibi tí yóò jókòó sí, bí o bá fi agbára gbé e kíákíá, yóò fà níbòmíràn tí o kò wò.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí. Bọ́ọ̀sì náà ní ilẹ̀kùn kan lápá ọ̀tún rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, ilẹ̀kùn ìsáfẹ́wu tí kì í ṣí àfi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó há, kò ní àtẹ̀gùn, ó ga sílẹ̀, nítorí náà a kò kà á sí. Bàbá ní kí n tú páálí tó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo tú u. Òpó méjì méjì ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kọ̀ọ̀kan, wọ́n jó wọn pọ̀. Irin tó rékọjá orí rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti orí fèrèsé lọ ní ìlọ́po méjì. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi irin onígun mẹ́ta kọ́ ọ lọ́rùn. Gbogbo ìdáhùn ìbéèrè mi wà nínú ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, mítà méjì sí ibi tí mo ti ń lo gíráíńdà. N kò ṣí i wò.

A fara wé e. A fi òkùn wọ̀n ẹnu ilẹ̀kùn láti igun dé igun. Ó yẹ kí òkùn méjèèjì gùn bákan náà, ọ̀kan fi mílímítà mẹ́rìnlá ju èkejì lọ, a sì padà sí ẹ̀yìn jáàkì. Nígbà tí a ń jó o, a kì í jó ju ìwọ̀n ìka kan lọ lẹ́ẹ̀kan, a ó bọ́ sí òdìkejì, kí iná má bàa fa irin sí apá kan. Ilẹ̀kùn àtijọ́ lápá òsì kò kúrò. A tì í, a kọ àkọlé sí i lára pé nítorí ewu nìkan ni.

Ẹ́ńjìnnì kò gba àkókò wa tó bẹ́ẹ̀, ìjàmbá mi sì ti kọ́ gbogbo wa ní sùúrù. Gardner 6LXB ni, sìlíńdà mẹ́fà, lítà mẹ́wàá àtààbọ̀ díẹ̀ ló dín, agbára ẹṣin 180. Kì í sáré: ìyípo 1,850 ní ìṣẹ́jú kan ló ga jù, ó kàn ń kùn bí àgbà tó ń sọ tẹnu rẹ̀. Tiwa ń kùn, ó ń dákẹ́, ó tún ń kùn. Àwọn mẹkáníìkì ti mú sípánà láti sọ ọ́ kalẹ̀. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì páìpù epo sìlíńdà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́: èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí o bá tú tirẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì a yí padà, èyí tó ti kú, ohùn kò ní yí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló yí ohùn padà. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú epo láti rọ́bà kan tó ti sán nítòsí táǹkì, rọ́bà tí kò gùn tó apá. Gardner ní ọ̀pá kékeré lára pọ́ǹpù rẹ̀ tí a fi ń fa epo wọlé lọ́wọ́, a fi í lé afẹ́fẹ́ jáde, ó sì tán. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ ni, níbo ni a ó ti rí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Láti ara bọ́ọ̀sì kẹta ni, èyí tí a ti sọ di ẹran ìpa, tí gbogbo ènìyàn ń gé tirẹ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi nípa ẹran ìpa kò pọ̀: ẹ kọ orúkọ sára agolo kí ẹ tó kó ìdè sínú rẹ̀. A ní agolo mẹ́rìnlélógún tó kún fún ìdè, ọ̀kan ṣoṣo la mọ ibi tó ti wá.

Ooru ló kù. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún òtútù, iná ìdáná ni ó gbé sábẹ́ àga. Páìpù kan gbé omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì yí gbogbo inú rẹ̀ ká, nísàlẹ̀ àti lókè, láti mú kí èrò móoru. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní kí n má tún purọ́ mọ́. A yọ wọ́n, a so ẹnu páìpù pọ̀ padà. Fèrèsé òkè ńkọ́? Díẹ̀ nínú wọn ló ṣí, òkè wọn nìkan ló sì ń ṣí, bí ìpéǹpéjú ẹni tó ń tòògbé. A pààrọ̀ mẹ́jọ sí èyí tó ń fà lọ fà bọ̀, a kun òrùlé ní funfun. Ooru ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé jókòó sí.

Nípa ìdè ni mo tún fi ṣe aṣiṣe mi kejì, kékeré sí ti àkọ́kọ́. Pánẹ́ẹ̀lì alumíníọ̀mù ni ara ọkọ̀ náà. Mo fi ìdè irin lásán kàn án mọ́ férémù. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ kan, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti iyọ̀ òkun tí kò jìnnà sí wa, ìdí ìdè kọ̀ọ̀kan ti ń tú àtíkè funfun jáde. Bí alumíníọ̀mù bá kan irin níhòòhò tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù náà ló máa jẹ títí yóò fi lu. A tú gbogbo rẹ̀, a fi ọ̀dà àti rọ́bà pẹlẹbẹ sí àárín wọn, a lo rífẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù. Oníwáyà wa náà dẹ́ṣẹ̀ tirẹ̀: fóòtì 24 ni iná ọkọ̀ náà, bátìrì méjì tí a so tẹ̀léra, ó lọ fa iná rédíò fóòtì 12 láti ara ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ọ̀kan ń gbẹ, ọ̀kan ń kún àkúnjù. Oṣù méjì, bátìrì méjèèjì kú.

Ibi tí èmi àti ọ̀gá ti fà á gan-an ni ọ̀rọ̀ táǹkì omi. Ó fẹ́ kí a máa fi ọkọ̀ náà gbé àwọn tó ń ṣe ìnáwó, ó sì ní kí a gbé táǹkì omi lítà 500 sókè, kí omi lè máa sàn wá sísàlẹ̀ fún fífọ ọwọ́. Èmi ní rárá. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí irú ọkọ̀ yìí tó gbé èrò, wọ́n máa ń di ẹrù tó tó ìwọ̀n èrò sí òkè nìkan, ìsàlẹ̀ á ṣófo, wọn á wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé dígírì 28, kò sì gbọ́dọ̀ ṣubú. Òfin wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dúró lórí ẹsẹ̀ lókè. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò ka táǹkì mọ́ ìṣirò wọn. Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà 500 jẹ́ bí ènìyàn méje, tí kì í sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kankan, tí wọ́n sì jọ ń sún lọ síbi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí. Ọ̀gá ní mo ti di ojo láti ọjọ́ tí mo gé òpó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Táǹkì náà wà nínú ọgbà títí di òní, àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ti gbàgbé láti sọ pé bọ́ọ̀sì kejì kò rìn rí. Ìyá olóúnjẹ wa ló gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń ta ìrẹsì àti àmàlà níbẹ̀, àwa ń gun òkè lọ jẹun.

Ọjọ́ tí Olórí Méjì kọ́kọ́ gbé èrò, láti Ọ̀wándò lọ sí apá Àjàrá, mo jókòó sókè, sẹ́yìn àtẹ̀gùn. Bàbá Káfíńtà náà wà níbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òpó tuntun náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ nǹkan kan, ó lọ jókòó sí iwájú lẹ́bàá fèrèsé bí ọmọdé. Ìyá kan gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn gun òkè, dìrẹ́bà tẹ bíréékì, ọsàn mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Èmi mọ̀ pé mílímítà 31 yẹn, a kò gbé gbogbo rẹ̀ padà. Mẹ́rin ló kù. Èrò kankan kò lè fi ojú rí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí kọjá ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n sì dúró lọ́kọ̀ọ̀kan sídìí ògiri, lókè ilẹ̀kùn mi gan-an. Ìyá náà ní kí n bá òun mú wọn. Mo ti na ọwọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó dé.